Brendan Bowyer àti Royal Showband: kí ni wọ́n rí lára rẹ̀ tí kò sí nínú àwo?

Ọ̀RẸ́RÉDÍÒ
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà orin. Brendan Bowyer ni mo fẹ́ bi yín, olórin Royal Showband, ẹgbẹ́ olórin ijó ti ìlú Waterford ní Ireland. "The Hucklebuck" rẹ̀ dùn, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n orin àwọn ará Amẹ́ríkà ni. "Kiss Me Quick" rẹ̀ náà, ti Elvis ni. Síbẹ̀, nígbà tó kú ní Las Vegas lọ́jọ́ 28 oṣù Karùn-ún 2020, lẹ́ni ọdún 81, àwọn ará Ireland dárò rẹ̀ bí ìgbà tí ọba wàjà. Orin olórin ló ń kọ kiri. Kí wá ni wọ́n ń sunkún lé lórí? Wọ́n tún ní òun ló fi ohùn kọ "Katie Daly", pé Dunphy inú ẹgbẹ́ wọn sì lọ Eurovision, ìdíje orin ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹ bá mi yà á sọ́tọ̀.

BÀBÁÀWO45
Kí á gbálẹ̀ kí á tó tẹ́ ẹní. Bowyer kọ́ ló fi ohùn kọ "Come Down the Mountain Katie Daly". Tom Dunphy ni, ẹni tó ń ta gìtá béèsì nínú ẹgbẹ́ náà, tó sì jẹ́ olórin kejì wọn. Àwo yẹn jáde ní 1962, òun sì ni wọ́n kà sí àwo kékeré àkọ́kọ́ tí showband Ireland kankan gbé jáde.

Dunphy tó lọ Eurovision, Sean ni, kì í ṣe Tom. Ẹgbẹ́ Hoedowners ni Sean wà, ó sì gba ipò kejì ní Vienna ní 1967. Orúkọ ìdílé lásán ló pa wọ́n pọ̀. Àwọn olórin showband tó ti ṣáájú rẹ̀ lọ ni Butch Moore ti ẹgbẹ́ Capitol (Naples, 1965, ipò kẹfà) àti Dickie Rock ti ẹgbẹ́ Miami (Luxembourg, 1966, ipò kẹrin). Bowyer ò sí níbẹ̀ rárá.

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá 1938 ni wọ́n bí i ní Waterford. Royal bẹ̀rẹ̀ ní 1957. Ní 1959 ni wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́ òòjọ́ wọn, T.J. Byrne ará Carlow sì ni máníjà. Méje ni wọ́n: Bowyer, orin àti trọ́ńbóònù; Tom Dunphy, béèsì; Jim Conlon, gìtá; Michael Coppinger, sàsófóònù; Eddie Sullivan, tróńpẹ́ẹ̀tì; Gerry Cullen, dùùrù; Charlie Matthews, ìlù. Ẹ má gbàgbé iye yẹn, yóò wúlò bí a bá dé ọ̀rọ̀ owó.

ONÍTRỌ́ŃBÓÒNÙ
Ẹ̀gbọ́n BàbáÀwo ti ka ohun-èlò wọn tán, àmọ́ inú ohun-èlò wọ̀nyẹn gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè yìí wà.

Kí showband tó dé, ọ̀kẹ́stírà ni wọ́n fi ń jó ní Ireland, irú ti Mick Delahunty ará Clonmel: àga, ìwé orin níwájú, kí olúkúlùkù jókòó jẹ́ẹ́. Ẹgbẹ́ Clipper Carlton láti Strabane ló gbé àga àti ìwé kúrò láàárín ọdún 1950 sí 1960. Wọ́n dìde dúró, wọ́n ń rìn, wọ́n ń sín àwọn gbajúmọ̀ olórin jẹ. Ohun tó bí orúkọ náà nìyẹn: bándì tó tún ń ṣe eré. Royal gba ọ̀nà tí wọ́n là.

Ẹ wá wo iṣẹ́ inú rẹ̀. Àwọn tó wá jó fẹ́ gbọ́ orin tó wà lójú àtẹ lọ́sẹ̀ yẹn, kò sì gbọdọ̀ pẹ́. Radio Luxembourg lórí 208 mítà ni ọ̀pọ̀ ti ń gbọ́ ọ lálẹ́, ìró ibùdó náà sì máa ń lọ, á tún bọ̀ bí afẹ́fẹ́. Ẹsẹ̀ kejì orin lè bọ́ sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́, o di dandan kí o dúró de ìgbà tí wọ́n tún máa gbé e sí i. Lẹ́yìn náà ni kí o sọ gòjé ogún tó wà nínú àwo di fèrè mẹ́ta: tróńpẹ́ẹ̀tì lókè, sàsófóònù láàárín, trọ́ńbóònù nísàlẹ̀.

Kíì, ìyẹn ohùn tí orin dúró lé, ló máa ń kọ́kọ́ fa ìjà. Àwọn onígìtá fẹ́ràn A àti E, torí okùn tó ṣí sílẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orí B-flat ni wọ́n kọ́ tróńpẹ́ẹ̀tì àti sàsófóònù ténọ̀ lé. Bí orin bá wà ní A, kíì B ni wọ́n máa fi ka tiwọn, ṣáàpù (àmì tó ń gbé ohùn sókè) márùn-ún. Ìka á máa kọlu ara wọn. Gbé orin náà sókè díẹ̀ sí B-flat, wọn á ka C tó mọ́ roro, onígìtá ni yóò wá wá ọgbọ́n dá. Olórin náà ní tirẹ̀ láti sọ: ohùn Bowyer lágbára lókè, nítorí náà gbígbé orin sókè kò pa á lára. Ti Dunphy rọlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó bá orin kọ́ńtírì mu. Àwọn méjì yìí ló jẹ́ kí ẹgbẹ́ kan lè dáhùn sí onírúurú ijó.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í kà: ìgbàkígbà tí Bowyer bá ń kọrin, trọ́ńbóònù dákẹ́. Fèrè mẹ́ta di méjì. Ẹni tó bá ń to irú orin bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí béèsì di ìsàlẹ̀ mú, kí tróńpẹ́ẹ̀tì àti sàsófóònù pín ìyókù, kó sì tọ́jú fèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta de ibi tí orin bá ti sinmi. Bó bá gbàgbé, àlàfo á hàn bí eyín tó ká.

ÌYÁGBỌ̀NGÀN
Ẹ kú àlàyé o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n gbé yín wọ inú gbọ̀ngàn náà, torí Bowyer tí ẹ gbọ́ nínú àwo kò ju ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ lọ, ti gbọ̀ngàn jẹ́ odidi òru.

Gbọ̀ngàn ijó wọn kò jọ ilé fàájì tí a mọ̀. Kò sí ọtí. Tíì, sáńwíìṣì àti mínírà ni wọ́n ń tà (mínírà gan-an ni àwọn náà ń pè é, bíi tiwa). Láti 1935 ni òfin ti wà pé adájọ́ ló ń fúnni níwèé àṣẹ kí ẹnikẹ́ni tó lè ṣí ilé ijó, ojú àwọn àlùfáà Kátólíìkì sì wà lára rẹ̀ dáadáa. Ọkùnrin a tò sápá kan, obìnrin sápá kejì. Bí orin bá bẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin á gba àárín kọjá lọ bẹ ẹni tí wọ́n fẹ́ bá jó.

Orin mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tò ó. Mẹ́ta tó yá, ìsinmi díẹ̀, mẹ́ta tó fà. Obìnrin tí wọ́n bẹ̀ kì í sábà kúrò kí orin mẹ́ta tó pé, ìtìjú ni fún ọkùnrin bó bá kúrò. Ẹ rí i pé ọwọ́ ẹgbẹ́ olórin ni kádàrá àwọn ọ̀dọ́ wà? Bí wọ́n bá to orin tó fà jù síwájú, ojú ṣì ń ti àwọn èèyàn, kò sẹ́ni tí yóò dìde. Bí wọ́n bá sì ń sáré jù títí di òru, òógùn á bo aṣọ, àwọn tó ti rí ẹni tí wọ́n fẹ́ kò ní ráyè sọ̀rọ̀. Olórin tó mọṣẹ́ a máa wo ilẹ̀ ijó kó tó pe orin tó kàn.

Ẹgbẹ́ kékeré kan á kọ́kọ́ ṣe tiwọn, kí èrò tó pé. Lẹ́yìn náà ni àgbà ẹgbẹ́ á bọ́ síta. Ká ní wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi dúró: bí orin mẹ́ta pẹ̀lú ìsinmi rẹ̀ bá gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀wọ́ 18 nìyẹn, orin 54. Ní alẹ́ kan! Wọ́n á fi orin orílẹ̀-èdè parí rẹ̀, gbogbo èèyàn á dúró ṣánṣán. Lọ́jọ́ kejì, ìlú mìíràn.

Ẹ fi èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ fífò tí Bowyer ń fò. Ó ń jó, ó ń ya ẹsẹ̀, ó ń fò sókè pẹ̀lú máìkì lọ́wọ́, nílẹ̀ tó jẹ́ pé ọ̀kẹ́stírà tó jókòó ni wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tí kò lè rí Elvis lójú (kò ṣeré ní Ireland rí) rí ẹnì kan tó sún mọ́ ọn, ní abúlé wọn, ní alẹ́ Sunday.

Ọ̀RẸ́RÉDÍÒ
Mo dúpẹ́, Ìyá. Ojú mi ti ń là díẹ̀díẹ̀. Owó ńkọ́? Bí wọn kò bá ta ọtí, níbo ni èrè ti ń wá?

BÀBÁÀWO45
Owó géètì ni gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ṣe ìṣirò, àpẹẹrẹ lásán ni: bí èèyàn 2,000 bá san ṣílè méje ààbọ̀ lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, ṣílè 15,000 nìyẹn, £750 láyé ìgbà náà. Ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kéré á gba iye kan tí wọ́n ti dá. Ẹgbẹ́ tó lórúkọ bíi Royal á sọ pé rárá o, ìpín nínú géètì la fẹ́, ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òjò bá rọ̀ tí èrò kò wá, àwọn náà pín nínú òfò. Ìdí nìyí tí máníjà fi gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń ka orí lẹ́nu ọ̀nà, torí tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá tà lẹ́ẹ̀mejì, ẹgbẹ́ olórin ló ń jìyà rẹ̀.

Àwọn onígbọ̀ngàn náà kì í ṣe ẹni kékeré. Albert Reynolds àti Jim ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ wọn jákèjádò àárín orílẹ̀-èdè náà, "land" sì ni wọ́n fi ń parí orúkọ wọn: Cloudland ní Rooskey, Roseland ní Moate, Lakeland ní Mullingar, Dreamland ní Athy. Albert yìí kan náà ló di olórí ìjọba Ireland láti 1992 sí 1994. Owó ijó kì í ṣe owó kékeré.

Nígbà Lẹ́ńtì, ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn á tì. Ogójì ọjọ́ láìsí géètì. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá á wá kọjá sí Britain tàbí Amẹ́ríkà lọ bá àwọn ọmọ Ireland tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òkìkí Royal ṣe dé òkè òkun, tí wọ́n sì gba ẹ̀bùn Carl-Alan ti àwọn ilé ijó Britain.

ỌMỌCRICKLEWOOD
Gbọ̀ngàn ijó Galtymore ní Cricklewood, London, kó àwọn ọmọ Ireland wọ̀nyẹn jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tì í ní 2008. Ẹ má sì gbàgbé Liverpool: lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹrin 1962, ní Pavilion Theatre, Royal ni àgbà alẹ́ náà. Àwọn tó ṣí eré fún wọn? Beatles. Oṣù díẹ̀ kí "Love Me Do" wọn tó jáde.

ONÍTRỌ́ŃBÓÒNÙ
Ẹ ṣé, arákùnrin. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀ràn dùùrù kún un, torí ó kan ẹnì kan tí àwọn òbí wa mọ̀ dáadáa: Jim Reeves, tí àwo rẹ̀ kún ilé nílẹ̀ Yorùbá. Ó rìn káàkiri Ireland ní 1963, ó ń kọrin nínú gbọ̀ngàn kan náà tí showband ń lò, ó sì kúrò lórí ìtàgé níbì kan sí ibì kan nítorí pé dùùrù wọn kò dún dáadáa.

Kí ló ń bà wọ́n jẹ́? Lóru, ooru ara ẹgbẹ̀rún èèyàn àti òógùn kún inú ilé. Lọ́sàn-án, òtútù àti ọ̀rinrin, kò sí iná. Pákó tó wà lábẹ́ okùn dùùrù á wú, á tún sún kì, okùn á sì ṣí kúrò nípò. Bí gbogbo rẹ̀ bá jọ rọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ṣì ní àtúnṣe: tróńpẹ́ẹ̀tì á fa irin rẹ̀ jáde díẹ̀, onígìtá á tú okùn, trọ́ńbóònù á kàn na ọwọ́. Bó bá dún jù sókè, tróńpẹ́ẹ̀tì ò ní ibi tó máa ti irin rẹ̀ lọ mọ́. Èyí tó burú jù ni kí dùùrù má bá ara rẹ̀ mu, kí ọ̀kan gòkè kí èkejì sọ̀kalẹ̀. Kò sí ọlọ́gbọ́n tó lè gbà á là. Showband tó ní fèrè lè bò ó mọ́lẹ̀. Jim Reeves tó ń kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kò lè bò ó.

Ariwo máìkì náà ń dà wọ́n láàmú. Sìpíkà kékeré ni wọ́n ń lò fún ohùn, fèrè kò sì nílò iná láti pariwo. Bí olórin bá gbé ohùn sókè nínú ẹ̀rọ kí wọ́n lè gbọ́ ọ, tí sìpíkà sì wà lẹ́yìn máìkì, igbe á sọ. Ẹ̀yìn sìpíkà ni kí máìkì wà, kí fèrè yí ẹnu kúrò lẹ́yìn orí olórin. Bí ilé bá gùn tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ páànù, gbohùngbohùn á tún padà wá bá olórin lẹ́yìn ìlù. Ìlù ni kó fetí sí, kó má tẹ̀lé ohùn ara rẹ̀.

BÀBÁÀWO45
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ọ̀rọ̀ "orin olórin" wàyí. Ó ní ọgbọ́n nínú. "Kiss Me Quick" wà nínú àwo ńlá Elvis ti 1962, "Pot Luck", láàárín àwọn orin mìíràn. Royal yọ ọ́ jáde, Bowyer kọ ọ́, ó sì gba ipò kìíní ní Ireland ní 1963, kí àwo kékeré Elvis tó jáde ní Britain nígbà tí ọdún náà ń parí lọ. Àtẹ orin Ireland fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò ní 1962. "No More" tó tẹ̀lé e, Elvis náà ló kọ́kọ́ kọ ọ́. Wọn kò bá Elvis du orin tó ti gbóná. Èyí tó fi sílẹ̀ ni wọ́n ń ṣà.

"The Hucklebuck" dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Paul Williams ló sọ ọ́ di olókìkí ní Amẹ́ríkà ní 1949. Ẹni tó bá gbọ́ "Now's the Time" tí Charlie Parker gbà sílẹ̀ ní 1945 á mọ ibi tí ohùn rẹ̀ ti wá. Chubby Checker tún un kọ ní 1960. Nígbà tí Royal máa gbé e jáde, ẹ̀yìn àwo ni wọ́n fi sí. Àwọn èèyàn yí àwo padà fúnra wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1965 ó dé ipò kìíní, ó sì jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méje.

ONÍTRỌ́ŃBÓÒNÙ
Kí ló fà á tí wọ́n fi yí i padà? Orin yẹn jẹ́ búlúùsì oníbáà méjìlá: báà (ìpín kéékèèké orin) méjìlá, kọ́ọ̀dù mẹ́ta, ó parí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n lè fi sàsófóònù yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí Bowyer jó, kí wọ́n tún padà sórí orin, ìwé kankan kò sí tí wọ́n máa dà rú. Ọ̀rọ̀ orin náà sì ń kọ́ èèyàn bí yóò ṣe jó o, kí o yí bí ejò, kí o rìn bí pẹ́pẹ́yẹ. Ẹni tí kò mọ ijó kan rí kò ní àwáwí.

ALÁRÍWÍSÍ
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí, iṣẹ́ ọwọ́ ni, kì í ṣe iṣẹ́ ọpọlọ. Orin 54 lóru, kò sí ọ̀kan tí wọ́n fúnra wọn kọ sílẹ̀. Bob Geldof ti Boomtown Rats kò fi ẹnu rere sọ̀rọ̀ nípa showband rí, mo sì gbà pé ó rí nǹkan kan. Nígbà tí Beatles tó ṣí eré fún wọn ní Liverpool ń kọ orin tiwọn, Royal ṣì ń ṣa ẹ̀yìn Elvis.

ÌYÁGBỌ̀NGÀN
O ò purọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n Rory Gallagher bẹ̀rẹ̀ nínú Fontana Showband, Van Morrison nínú Monarchs ní Belfast. Níbo ni wọn ì bá ti kọ́ bí a ṣe ń di ilẹ̀ ijó mú fún wákàtí mẹ́ta? Ọ̀rọ̀ orin àdákọ tí o sọ, n kò ní èsì sí i. Ẹni tó ń bá ìlú kiri lálaalẹ́ kì í rí àyè jókòó kọ orin, àwọn tó sanwó wọlé kò sì béèrè fún un.

ỌMỌCRICKLEWOOD
Ẹ parí ìtàn rẹ̀ fún un, kó má rò pé 1965 ni gbogbo rẹ̀ dúró.

BÀBÁÀWO45
Ó dáa. Ní 1971, Bowyer àti Dunphy kúrò ní Royal, wọ́n dá Big 8 sílẹ̀. Wọ́n pín ọdún sí méjì: nǹkan bí oṣù mẹ́fà ní Las Vegas, ní hòtẹ́ẹ̀lì Stardust, ìyókù ní Ireland nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọgbọ́n gidi ni. Ní Vegas, ibì kan ni wọ́n dúró sí, kò sí mọ́tò lóru, dùùrù ń dún dáadáa, owó oṣù kò sinmi lé géètì. Elvis gan-an wá wò ó níbẹ̀. Nígbà tí Elvis kú ní 1977, Bowyer gbé "Thank You Elvis" jáde.

Oṣù Keje 1975 ló burú. Tom Dunphy kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ 31, Miami Showband ń darí bọ̀ láti Banbridge ní Northern Ireland. Àwọn ọmọ ogun abẹ́lẹ̀ UVF tó wọ aṣọ sójà dá wọn dúró ní Buskhill nítòsí Newry. Fran O'Toole olórin wọn, Brian McCoy àti Tony Geraghty kú níbẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ láti gúúsù kò fẹ́ sọdá ààlà lọ sí Northern Ireland lálẹ́ mọ́, géètì Àríwá sì bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìyókù, owó ló pa á. Hòtẹ́ẹ̀lì gba ìwé àṣẹ láti ta ọtí títí di òru, gbọ̀ngàn tó ń ta mínírà kò lè bá a du. Dísíkò sì dé: ọkùnrin kan, ẹ̀rọ àwo méjì. Ẹ rántí iye tí mo ní kí ẹ má gbàgbé. Méje ni, pẹ̀lú máníjà, awakọ̀ àti epo ọkọ̀. Bowyer kò rì mọ́ wọn torí pé Vegas ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ló fi ṣe ilé, Aisling ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ń bá a kọrin lórí ìtàgé. "The Hucklebuck" padà sójú àtẹ ní 1976 pàápàá.

Ọ̀RẸ́RÉDÍÒ
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Bí mo bá fẹ́ ra àwo náà gan-an, èyí tó jáde nígbà náà, kí ni kí n wò?

BÀBÁÀWO45
Àmì HMV ni kí o wò lójú rẹ̀, kí o sì gbé e yẹ̀ wò lábẹ́ iná: àwo ijó ni, ọ̀pọ̀ ni abẹ́rẹ́ ti jẹ. Orúkọ tí wàá rí lójú kìíní ni "I Ran All the Way Home". Má jẹ́ kí oníṣọ́ọ̀bù sọ fún ọ pé kì í ṣe òun. Yí i padà.